Obìnrin Tí Mo Bá Sọ Ẹrù ní Agbowó

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé igbá obìnrin náà ń kán, bẹ́ẹ̀ kò sí omi nínú rẹ̀. Mo rí i. Mo rí bí omi ṣe ń kán tó, tó, tó sórí sìmẹ́ǹtì àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n èèyàn lè rí nǹkan kó má mọ ohun tó rí, pàápàá tí ẹni náà bá ń gbéra ga pé nǹkan rírí ni iṣẹ́ òun.

Wolé-wolé ni mí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa ni a máa ń dé bá onílé láìròtẹ́lẹ̀, tí à ń yẹ ilé ìgbẹ́ wò, tí à ń yọjú sínú kànga, tí à ń béèrè pé níbo lẹ ń da ilẹ̀ sí. Àwọn onílé kì í fẹ́ rí wa, mi ò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fẹ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é nínú Ìbàdàn yìí, láti Ṣálẹ́ńjì dé Bódìjà. Ẹnu mi mú débi pé àwọn ọmọdé máa ń sá wọlé tí wọ́n bá rí mi lókèèrè. Àtọ́kẹ́ ni bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n Màmá Wolé-wolé ni gbogbo ayé ń pè mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù Keje. Òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kó tó dá lọ́jọ́ náà. Agbowó la ti ń yẹ ilé wò, mo sì fi ilé Fọláyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ṣe ìgbẹ̀yìn kí n lè jẹun níbẹ̀ kí n tó padà sí Akobo tí mò ń gbé. Ilé alájà kan ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló kún òkè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé pẹ̀lú Tómilọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Èmi ò bímọ. Ọmọ kan náà ni àwa méjèèjì ní.

Kò sẹ́nì kankan nílé nígbà tí mo dé. Ẹ̀gbẹ́ kànga ni mo dúró sí tí obìnrin kan fi gba ẹnu géètì wọlé, ó ru igbá ńlá méjì, ọ̀kan wà nínú èkejì.

"Ọmọ mi, bá mi sọ̀ ọ́," ló wí.

Ohùn rẹ̀ há bí ohùn ẹni tó ti ń pariwo láti àárọ̀. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí àgbà bá ní kí o bá òun sọ ẹrù, o ò ní béèrè ibi tó ti ń bọ̀ kó o tó nawọ́. Mo na ọwọ́ méjèèjì. Ẹrù náà wúwo ju igbá lọ, ó sì tutù. Bí mo ṣe ń gbà á, mo ṣèèṣì fún awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Awọ náà ká jọ, kò sì padà, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́. Ìka rẹ̀ hunjọ bí ìka ẹni tó fọ aṣọ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ, kò sì sí òógùn kankan lára rẹ̀ nínú gbogbo oòrùn yẹn.

Etí kànga ni mo sọ ẹrù náà sí. Kì í ṣe òun ló ní kí n gbé e síbẹ̀. Èmi ni mo yan ibẹ̀.

"Ẹ ò ní mu omi ni, màmá?" mo bi í. "Ó jọ pé òùngbẹ ń gbẹ yín."

"Omi tí mo ti mu kò lóǹkà, ọmọ mi. Kì í dúró."

Omi tó ń kán lára igbá ti ṣe ọ̀gbàrá kékeré kan sílẹ̀. Kò pupa, kò dúdú. Ó funfun díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Mo rò pé oúnjẹ ló ń tà.

"Kí ni ká máa pè yín, mà?"

"Igbá méjì ni mo ní. Òun náà ni wọ́n ń pè mí."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ ń ta igbá nìyẹn."

"Mi ò kì í tà á. Mo máa ń gbé e fún èèyàn ni. Ìwọ ńkọ́, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Wolé-wolé ni mí, mà."

"Wọlé-wọlé lèmi náà."

"Wolé-wolé ni mo wí, mà. A máa ń wo ilé."

"Mo gbọ́ ọ. Ìwọ ń wo ilé. Èmi ń wọ ilé." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ètè rẹ̀ gbígbẹ. "Iṣẹ́ wa jọra. Ẹ̀yìn rẹ ni mo máa ń tọ̀."

Mo ní nínú ọkàn mi pé etí ìyá àgbà yìí ti ń di. Fóònù mi dún nínú báàgì, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹni tó bá mi sọ̀ ọ́ náà ni yóò gbé e rù mí." Kí n tó nà dúró, kò sí lágbàlá mọ́. Géètì ẹ̀gbọ́n mi máa ń ké bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Kò ké. Igbá méjèèjì ṣì wà níbi tí mo sọ̀ wọ́n sí.

Prosper ló kọ́kọ́ dé, ọmọ Bìní kan tó gba yàrá lókè. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá nawọ́ sí kànga.

"Aunty, that water don dey smell since last week o," ló wí jẹ́jẹ́.

Mo fa omi sókè, mo gbóòórùn rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo rìn lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí kòtò ilé ìgbẹ́ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní sókàwéè. Òjò ti la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ohun inú rẹ̀ sì ń rọra ṣàn lábẹ́ koríko, ó kọrí sí ọ̀nà kànga. Mo fi ẹsẹ̀ wọn àárín méjèèjì. Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ni. Ó yẹ kó tó ogójì ó kéré tán.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro rárá. Ọ̀dà pupa wà nínú báàgì mi. A máa ń fi kun ara kànga, a máa ń dé e pa, a ó sì kéde fún àdúgbò kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kan omi ibẹ̀. Mo ti ṣe é fún ilé pásítọ̀, mo ti ṣe é fún ilé olóyè, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mò ń ṣí agolo ọ̀dà náà lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé nínú sùtánà funfun, ó ń bọ̀ láti ilé àdúrà, kò wọ bàtà.

"Àtọ́kẹ́, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán láì já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó wá kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, tó pọ̀n mí dàgbà, ló kúnlẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná.

"Má kun ilé mi lọ́dà," ló wí. "Wọ́n á máa nawọ́ sí i láti ibí dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ṣé èmi tí mo fọ aṣọ aláṣọ ní Ìkàrẹ́ kí ìwọ lè lọ sílé ẹ̀kọ́ ìlera, èmi ni wàá fi ṣe ẹlẹ́yà? Fún mi lóṣù kan péré. Màá pe àwọn tó máa tún kòtò yẹn ṣe. Wọ́n ti gbàdúrà sí omi yìí, kò ní ṣe wá ní láburú."

Ojú ló ń tì mí. Mo fà á dìde, mo dé agolo ọ̀dà padà. Mo ní kí wọ́n máa se omi náà kí wọ́n tó mu ún, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé wọn ò ní se é. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló ń se omi? Mo ṣí rẹ́jísítà, mo wá ibi tí nọ́ńbà ilé náà wà, mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: Mo wò ó. Ó dára. Mo fọwọ́ sí i.

Mo ti jẹun tán nígbà tí Tómilọ́lá dé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ débi tí màá fi rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti tún wá dẹ́rù ba àwọn èèyàn Agbowó nìyẹn, Àǹtí mi," ló wí. Ó wá rí igbá. "Ta ló ni èyí? Ó mà dára o."

"Ìyá kan ló fi í sílẹ̀," mo wí. "Ó ní òun ń padà bọ̀ wá gbé e."

Kó tó di pé mo sọ̀rọ̀ tán, ó ti fa omi sínú ọ̀kan. Mo la ẹnu láti dá a dúró. Ìyá rẹ̀ wò mí. Mo pa ẹnu mi dé.

Ó mu ún, ó mu ún, ó sinmi díẹ̀, ó tún mu ún. "Omi inú igbá mà tutù ju ti ike lọ," ló wí. "Ẹ wá mu, Àǹtí mi."

Mo ní mi ò fẹ́, mo ti yó. Irọ́ ni. Ẹ̀rù omi náà ló ń bà mí, mo sì ń wo ọmọ mi tó ń mu ún.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run ni wọ́n rán mi lọ. Ó jẹ́ ara iṣẹ́ wa láti máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nípa àrùn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ká máa bá onílé fa wàhálà lọ. Mo ti kọ́ wọn nípa ibà, pé ẹ̀fọn ló ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Mo ti kọ́ wọn nípa ikọ́ ife, pé afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹnu ẹni tó ń wúkọ́ jáde ló ń gbé e. Ó wá kan kọ́lẹ́rà. Mo gbé àwòrán ńlá kọ́ sára pátákó.

"Kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí ló ń fà á," mo wí. "Inú ìgbẹ́ ẹni tó ní in ló ti ń jáde. Ó lè bá omi lọ, ó lè bá eṣinṣin lọ, ó lè bá ọwọ́ tí a ò fọ̀ lọ, títí á fi dé ẹnu ẹlòmíràn. Tí omi ìgbẹ́ bá ti lè rìn dé inú kànga, gbogbo ẹni tó bá ń mu ibẹ̀ ló wà nínú ewu."

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo sì ń bá a lọ.

"Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, á funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Á máa bì. Omi ara rẹ̀ á tán láàárín wákàtí díẹ̀. Òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ètè rẹ̀ á gbẹ, ojú rẹ̀ á jìn wọnú, ohùn rẹ̀ á há. Tí ẹ bá fún awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, kò ní padà. Ìka rẹ̀ á hunjọ bí ìka ẹni tó fọ aṣọ láti…"

Mo dúró. Ọwọ́ mi wà lórí àwòrán, lórí ìka aláìsàn tí wọ́n yà síbẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń gbé àwòrán yìí kiri.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Islamiat nawọ́ níwájú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni Yorùbá ń pe kọ́lẹ́rà?"

Kọ́lẹ́rà ni wọ́n kọ́ wa láti máa pè é nílé ẹ̀kọ́ ìlera. Kọ́lẹ́rà la ń kọ sínú ìwé, òun la ń sọ lórí rédíò. Mo ti pè é bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé pé ìyá ìyá mi ní orúkọ mìíràn fún un. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n tó sọ ọ́. Wọ́n ní tó bá wọ ilé, igbá méjì ni wọ́n máa ń gbé ti aláìsàn, ọ̀kan lábẹ́ ìdí, ọ̀kan lábẹ́ àgbọ̀n, torí pé òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń dà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Onígbáméjì," mo dá ọmọ náà lóhùn. Ó jọ pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu mi. "Onígbáméjì ni wọ́n ń pè é."

Ó ti sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Mo bi í ni, ó sì dá mi lóhùn. Mo rí gbogbo àmì ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fọwọ́ ara mi gba ẹrù lórí rẹ̀, mo sì bá a sọ̀ ọ́ sí etí omi tí ọmọ mi ń mu.

Mo jáde síta, mo pe Tómilọ́lá. Kò gbé e. Mo pe ìyá rẹ̀, kò gbé e. Nígbà tí mo tún pe Tómilọ́lá, Prosper ló gbé e.

"Aunty, Tómi dey toilet since morning. She no fit stand again."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò rántí kẹ̀kẹ́ tó gbé mi, mi ò rántí ohun tí mo sọ fún awakọ̀. Prosper ló jókòó sórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo dé, òun náà di ikùn mú. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ti kún, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ti lọ gbé igbá méjèèjì wá láti etí kànga. Ọ̀kan wà níbi ìdí ọmọ náà, ọ̀kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Wọ́n kàn wà nítòsí ni.

Tómilọ́lá yíjú sí mi. Ojú obìnrin ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fi wò mí.

"Àǹtí mi, òùngbẹ ń gbẹ mí," ló wí, ohùn rẹ̀ ti há.

Ibí yìí ni mo máa ń dé tí mi ò kì í fẹ́ rántí mọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá fò ó, ìtàn náà ò wúlò. Ohun tó yẹ kí n ṣe lójú ẹsẹ̀ ni kí n pe ọ́fíìsì, kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá, kí wọ́n sáré gbé ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Àrùn yìí kì í dúró de èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá tètè gbé débẹ̀ máa ń padà sílé. Mo mú fóònù jáde. Mo wá rántí rẹ́jísítà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi wá ni pé ta ló wo ilé yìí kẹ́yìn. Mo pa nọ́ńbà ọ́fíìsì rẹ́. Mo pe Kòfowórọlá, nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀ ní Bódìjà, mo ní kó gbé dírípù wá sílé, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo jáde sí àgbàlá lọ se omi tí màá fi po iyọ̀ àti ṣúgà fún un. Obìnrin náà dúró létí kànga. Òjò ń rọ̀ lé e lórí, aṣọ rẹ̀ sì gbẹ. Ojú rẹ̀ kò jìn mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ètè rẹ̀ ń dán, òógùn wà níwájú orí rẹ̀ bí ti ẹni tí ara rẹ̀ yá.

"Mo wá gbé ẹrù mi," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti là. "Gbé e rù mí."

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀, mà."

"Ìwọ lo máa sọ pé kí n máa lọ. Kò ṣòro. Kun kànga yìí. Sọ ohun tí o rí kí àdúgbò gbọ́. Mi ò kì í pẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń dárúkọ mi sókè. Ibi tí wolé-wolé bá ti wò tó sì dákẹ́ ni mo máa ń jókòó."

Mo gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n mi wà lójú fèrèsé. Èmi nìkan ló ń rí lágbàlá, ó sì rò pé ọ̀dà ni mo fẹ́ mú jáde. Ó ń mi orí sí mi láti inú yàrá, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí. Báàgì wà léjìká mi. Mo ń gbọ́ bí agolo náà ṣe ń dún nínú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la," mo sọ fún obìnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ó di ọ̀la."

Ó wò mí tàánútàánú. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

"Ó dára," ló wí. "Ọ̀la náà ni."

Kòfowórọlá dé, ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀. Ó wá iṣan títí lọ́wọ́ ọmọ náà, kò rí i, ó wá a lẹ́sẹ̀. Omi ara rẹ̀ ti lọ tán. Kòfowórọlá ní ká gbé e lọ, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nígbà tí a sì gbà, ọ̀nà ti kún fún omi òjò, kò sí ọkọ̀. Tómilọ́lá dákẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Orí itan mi ló wà. Mo ń fi ìka mi na awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kó padà sí bó ṣe wà.

Ọ̀la dé bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kó dé. Mo jáde ní kùtùkùtù, mo kun kànga náà, mo kun ògiri, mo kun géètì. Mo dúró sójú títì, mo ń sọ ọ́ lóhùn rara pé Onígbáméjì wà nínú omi yìí, kí ẹnikẹ́ni má mu ún, pé èmi ni mo rí i tí mo dákẹ́. Àwọn èèyàn jáde. Ọkọ̀ dé, wọ́n gbé Prosper lọ pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn láti òkè. Gbogbo wọn ló padà wá láàyè, nítorí wọ́n tètè gbé wọn lọ. Ó yẹ kí ìyẹn tù mí nínú.

Obìnrin náà dúró lẹ́nu géètì, kò sẹ́ni tó yà fún un. Mo wọ yàrá, mo kó igbá méjèèjì, mo ki ọ̀kan bọ inú èkejì, mo gbé e jáde. Ẹrù náà wúwo tó ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Mo gbé e rù ú.

"O ṣeun," ló wí. Ó kọjá láàárín àwọn èèyàn, ó lọ.

Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún ọ̀gá mi. Nígbà tí wọ́n ṣí rẹ́jísítà, omi ti rin ojú ewé náà ní òbìrí méjì, bí ibi tí wọ́n gbé igbá kà, ìwé mi sì hàn ketekete láàárín rẹ̀: Ó dára. Ojú ewé yẹn kò tíì gbẹ títí dòní. Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n máa jókòó sí ọ́fíìsì, kí n máa gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ń jáde.

Mo lọ rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo tilẹ̀ ń retí pé kó bú mi. Mo tún ti múra ohun tí èmi náà máa sọ, pé òun ló kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì Tómilọ́lá nínú sùtánà rẹ̀, kò gbé ojú sókè.

"Èmi ò mọ nǹkan kan, Àtọ́kẹ́," ló wí. "Ìwọ ni wolé-wolé. Kí ló dé tí o gbọ́ tèmi?"



Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Abdulmojeed wọ ọ́fíìsì láti Olúyọ̀lé. Bàbá ọlọ́mọ méjì ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń jáde báyìí, ó sì mọ iṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ó ní ìyá àgbà kan ló pàdé nínú àgbàlá ilé tí òun wò kẹ́yìn.

"Etí wọn ti di, mà," ló wí. "Mo ní wolé-wolé ni mí. Wọ́n ní wọlé-wọlé làwọn náà."

Mo bi í bóyá ó bá wọn sọ ẹrù.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé kí n máa wo ìyá arúgbó níran ni?"

Mo na ọwọ́, ó kó rẹ́jísítà fún mi. Omi ti rin ojú ewé tó kẹ́yìn ní òbìrí méjì. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì ti fọwọ́ sí i. Mo dìde, mo mú agolo ọ̀dà pupa lórí pẹpẹ. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ wa.

"Ẹ jókòó ná, mà," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ilé bàbá ìyàwó mi ni. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n máa tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ó di ọ̀la."

Mi ò jókòó.